Mo Ra Àwo Ziggy Stardust: Eégún Tí Kò Ní Igbàlẹ̀

Ìlù nìkan lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Kò tíì sí gìtá, kò tíì sí ohùn èèyàn. Ó ń ti òkèèrè bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rìn bọ̀ láti ìpẹ̀kun àdúgbò. Ìlù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ń dún nísàlẹ̀, ìlù ọwọ́ ń dá a lóhùn lókè, ó sì ń ka mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi jókòó sídìí ìlù ní ìjọ wa ní Ìsẹ́yìn, n kò sì tíì fi í sílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ní gúúsù London. Ẹni tó bá ti lu kónkóló rí, bó bá gbọ́ ìlù oní-mẹ́ta níbikíbi láyé, á mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ìlù yẹn ló mú mi. Kì í ṣe irun pupa, kì í ṣe àtíkè.

Àwo tí mò ń sọ ni èyí tí David Bowie, olórin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1972, The Rise and Fall of Ziggy Stardust and the Spiders from Mars. Orin 11 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 38. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ni èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní 2022, nígbà tó pé àádọ́ta ọdún. £24 ni mo rà á. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń gbọ́ ọ lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkùnrin náà ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni mí. Ọkọ̀ 159 ni mò ń wà lọ́dún 2016, èyí tó ń ti Streatham bọ̀, tó ń gba Brixton kọjá, tó ń sọdá odò lọ sí Regent Street. Ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún náà ni ìròyìn gba ìgboro pé Bowie kú ní New York lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló kú, ẹni ọdún 69. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, èrò ti kún iwájú sinimá Ritzy ní Brixton bámúbámú. Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà síwájú sinimá náà pé ọmọ Brixton ni. Àwọn kan ń jó, àwọn kan ń sunkún, àgbà tó yẹ kó ti sùn ń fi gbogbo ẹnu kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ogún ọdún. Lójúkojú ibùdó ọkọ̀ ojú irin, lára ògiri Tunstall Road, níbi tí James Cochran ti ya ojú rẹ̀ ní 2013, òdòdó ti di òkìtì.

Ọkọ̀ mi kò lè lọ síwájú. Ìyá àgbà ará Jàmáíkà kan dìde níjòókòó rẹ̀, ó wá dúró tì mí lẹ́bàá gíláàsì. Mo bi í pé, ta ló kú tí gbogbo ayé ń dárò báyìí? Ó ní ọmọ àdúgbò ni, pé ojúlé 40 ní Stansfield Road ni wọ́n bí i sí ní 1947, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ibi tí a dúró sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń wa ọkọ̀ kọjá lẹ́bàá ibẹ̀, n kò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan sí mi létí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń fi ìka lu gíláàsì tó wà láàárín wa. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Mo béèrè orúkọ orin náà kó tó sọ̀kalẹ̀. Five Years, èyí tó bẹ̀rẹ̀ àwo yìí gan-an ni.

Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, mo sì ń bẹ yín kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù kò ní àyà. Ohùn básì gìtá Trevor Bolder kò sí níbẹ̀ rárá, ìlù ẹsẹ̀ sì ń dún bí ẹni ń ta ìka sí tábìlì. Nígbà tí mo pinnu láti ra àwo gidi, ọwọ́ ẹnìkan tó ń ta àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra àkọ́kọ́. Ó ní ó dára bí tuntun. Nígbà tó dé, etí kan àwo náà ti ká sókè bí ike tí wọ́n gbé sún mọ́ iná, abẹ́rẹ́ ń fò lórí orin méjì àkọ́kọ́, onítọ̀hún kò sì dá mi lóhùn mọ́ láti ọjọ́ náà. £30 mi lọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá máa ra àlòkù, ẹ lọ síbi tí ẹ ti lè yọ ọ́ nínú páálí, kí ẹ gbé e sí ìpele ojú, kí ẹ wò ó bóyá ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí kò bá sí irú ibẹ̀ nítòsí yín, tuntun ni kí ẹ rà.

Ẹ̀dà 2022 yìí kò ní ariwo lábẹ́. Nígbà tí ìlù Five Years bá ń bọ̀ láti òkèèrè, ìdákẹ́jẹ́ tó yí i ká mọ́ dáadáa, ẹ kò ní gbọ́ híhó bí epo tó ń dín dùndú. Mo gbé e sí orí ẹ̀rọ tí kò wọ́n, sípíkà méjì tí mo rà lọ́wọ́ aládùúgbò mi, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn páálí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a yí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú fúláàtì, ṣùgbọ́n mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí àwọn ará òkè ti jáde, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́.

Nípa ìlù yẹn, ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn. Woody Woodmansey ló lù ú. Ó ti ṣàròyé pé lórí àwo tó ṣáájú, Hunky Dory, ìlù òun ń dún bí páálí cornflakes. Nígbà tó dé Trident, ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó wà ní Soho, láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ziggy, ó bá páálí cornflakes tí wọ́n ti tò kalẹ̀ dè é bí ìlù. Ken Scott, tó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ náà pẹ̀lú Bowie, ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀rín parí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Scott sì fún un ní ohùn tó kúrú, tó gbẹ, tó sún mọ́ etí, bí ẹni pé onílù náà wà nínú pálọ̀ yín. Onílù mìíràn ì bá ti da ohun gbogbo sínú Five Years. Ọmọkùnrin yìí, ẹni ọdún 21, kò fi nǹkan kan kún un. Orin náà ń sọ pé ayé ku ọdún márùn-ún kó parí, ohùn Bowie ń ga sí i títí tó fi di igbe, àwọn onífayolín ń ya bò ó, ìlù náà kò yẹsẹ̀. Gbogbo wọn lọ tán, ó ku òun nìkan, ó sì rìn jáde bó ṣe rìn wọlé. Mo ti fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n má máa fi gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ hàn nínú orin kan. Nísinsin yìí mo kàn ń gbé abẹ́rẹ́ sórí àwo fún wọn ni.

Ẹni kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ni Mick Ronson. Ọmọ Hull ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1970, iṣẹ́ ọgbà ló ń ṣe lábẹ́ ìjọba ìlú náà. Ó ń fa ìlà sórí pápá rúgúbì lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ onílù wá bá a níbẹ̀ pé kó ká lọ sí London, Bowie ń wá onígìtá. Ọkùnrin tó ń da ẹfun sórí koríko yẹn ló ta gìtá inú àwo yìí, òun ló tẹ dùùrù, òun náà ló kọ ohùn tí àwọn onífayolín ń ta. Ẹ gbọ́ ìparí Moonage Daydream. Gìtá náà á ké, á dúró lórí ohùn kan, á gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, àwọn fayolín á máa gun àkàsọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín orin yẹn kan náà, fèrè kékeré kan àti saksofóònù ńlá kan jọ ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan lókè pátápátá, ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá, kò sì sí nǹkan láàárín wọn. Ó ṣàjèjì létí, ó sì dùn.

Ọ̀rọ̀ wá kan Ziggy fúnra rẹ̀, nítorí òun lọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ra àwo yìí.

Ziggy kì í ṣe èèyàn. Ẹni tí Bowie fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ni: olórin kan tó gbé ọ̀rọ̀ àwọn ará ojú ọ̀run wá fún ayé tó fẹ́ parí, tí òkìkí gbé e gun òkè, tí àwọn tó ń sìn ín sì wá jẹ ẹ́ run. Bowie kò mú un jáde láti inú òfìfo. Ó pàdé Vince Taylor ní London, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti di ìlúmọ̀ọ́ká lórí orin rọ́ọ̀kì ní ilẹ̀ Faransé kí ọpọlọ rẹ̀ tó dàrú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní ẹni Ọlọ́run. Bowie ròyìn pé ọkùnrin náà tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ayé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì lẹ́bàá ibùdó Tottenham Court Road, ó ń fi hàn òun ibi tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú àjèjì ń gúnlẹ̀ sí. Orúkọ Ziggy, ara ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tó rí láti inú ọkọ̀ ojú irin ló ti mú un. Stardust wá láti ara orúkọ olórin Amẹ́ríkà kan, Legendary Stardust Cowboy.

Lẹ́yìn náà ló wá wọ̀ ọ́. Ó ti kọ́ eré aláìsọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ Lindsay Kemp, ó mọ bí a ti ń fi ọwọ́ àti ọrùn sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Freddie Burretti ló ń rán aṣọ fún un. Suzi Fussey, onídìrí kan ní Beckenham, ló gé irun rẹ̀, tó sọ ọ́ di pupa, tó mú un dúró ṣánṣán lórí. (Obìnrin yìí ló wá fẹ́ Ronson lẹ́yìn náà.) Ní 1973, ó tún ń wọ aṣọ Kansai Yamamoto láti Japan. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ kun ojú lágbo orin rọ́ọ̀kì. Marc Bolan ti T. Rex ti fi nǹkan dídán sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1971, ibẹ̀ sì ni ohun tí wọ́n ń pè ní glam rock ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Mo fẹ́ràn Bolan, orin rẹ̀ ń mú ni jó. Ṣùgbọ́n Bolan kun ojú, ó sì ń jẹ́ Bolan lọ. Bowie kun ojú, ó di ẹlòmíràn.

Ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n ilé ọ̀jẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Mo ti rí eégún tó ń jáde, kí n tó mọ ìwé é kà. Nígbà tí aṣọ bá ti bo ẹni náà mọ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ohùn rẹ̀ á yí padà, ará ọ̀run ló ti di, ẹni tó bá pe orúkọ rẹ̀ ti ṣẹ̀. Atọ́kùn á máa darí rẹ̀ kó má baà kọlu ògiri, kó má baà pẹ́ jù lóde. Bí eré bá parí, igbàlẹ̀ ni eégún ń padà sí. Ibẹ̀ ló ti ń bọ́ ẹ̀kú. Ìyàwó rẹ̀ á gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀ lálẹ́, á pè é ní bàbá àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa dá eégún ọ̀sán yẹn pọ̀ mọ́ ọn.

Bowie gbé eégún jáde, ojú ara rẹ̀ ló fi ṣe ẹ̀kú. Kò sí aṣọ tó bò ó lójú, gbogbo ayé mọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, kò sì sí igbàlẹ̀ tó lè padà sí. Oníròyìn á wá bá a lọ́sàn-án gangan, Ziggy ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bó bá wọ ọkọ̀, Ziggy ni. Bó bá jókòó jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì, irun pupa náà wà lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò mọ ààlà mọ́ láàárín òun àti ẹni tí òun dá. Ohun tí mo gbàgbọ́ nípa àwo yìí nìyẹn, òun ni mo sì fi ń gbọ́ ọ. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, pé ẹ̀kú tí kò ní ibi bíbọ́ á jẹ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó kọ ikú Ziggy sínú orin kó tó gbé e jáde sí gbangba.

Bí ẹ bá fẹ́ rí atọ́kùn rẹ̀, ẹ wo Starman, ọ̀kan nínú orin àwo yìí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lórí Top of the Pops, ètò orin orí tẹlifíṣọ̀n tí BBC gbé sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù keje 1972. Ó wà lórí YouTube. Bowie wọ aṣọ aláràbarà kan látòkèdélẹ̀, gìtá aláwọ̀ búlúù wà lọ́rùn rẹ̀. Ronson wọ aṣọ tó ń dán bíi wúrà. Nígbà tí wọ́n dé ègbè, Bowie na apá, ó gbé e kọ́ ọrùn Ronson, ó fà á mọ́ra, ojú àwọn méjèèjì jọ kọ sí ẹ̀rọ ohùn kan. Níbòmíràn nínú orin náà, ó na ìka sí kámẹ́rà tààrà, ó ń yí i, bí ẹni tó ń pe ọmọ kan tó jókòó nínú pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó di olórin ní Ẹ̀ńgílándì lẹ́yìn náà ló ń sọ pé àwọn ni ìka yẹn nà sí. Mo ti wo fídíò náà ju ogún ìgbà lọ, apá orí èjìká yẹn ni mo máa ń wò. Ẹni tó ń wó lọ ń wá ibi tí yóò fara tì.

Àwọn àléébù rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n wà. It Ain't Easy, tó kẹ́yìn ojú kìíní, kò bá àwọn yòókù tan. Orin Ron Davies ará Amẹ́ríkà ni, ìgbà iṣẹ́ Hunky Dory ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ó sì jókòó sáàárín ìtàn náà bí àlejò tó ṣi ilé. Mo máa ń gbé abẹ́rẹ́ kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ pé àwo náà ń sọ pàápàá kò so pọ̀ délẹ̀. Ẹni tó bá ń retí eré tó ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, á wá ìran kan tì. Starman gan-an, tó dà bí òpó ìtàn náà, ìkẹyìn ló wọlé: RCA, ilé iṣẹ́ àwo, ni wọ́n béèrè orin tí rédíò lè máa lù, Bowie lọ kọ ọ́, wọ́n sì yọ orin Chuck Berry kan kúrò kí ó lè ráyè. Star ń sáré kọjá, n kò ní nǹkan púpọ̀ sọ nípa rẹ̀.

Ojú kejì ni kí ẹ má fọwọ́ kàn bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Lady Stardust bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dùùrù, jẹ́jẹ́, ó ń ròyìn olórin kan tí àwọn èèyàn ń fi àtíkè ojú rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi la ẹnu. Hang On to Yourself ń sá eré. Orin Ziggy Stardust fúnra rẹ̀ ni gìtá rẹ̀ á dè yín mọ́lẹ̀: ẹni tó ń kọ ọ́ kì í ṣe Ziggy, ọ̀kan lára àwọn tó ń lù sí i lẹ́yìn ni, inú sì ń bí i sí ọ̀gá rẹ̀. Mo mọ ohùn yẹn. Ẹni tó bá ti lu ìlù lẹ́yìn olórin tí orí rẹ̀ ti wú mọ̀ ọ́n. Suffragette City á tàn yín. Ẹ ó rò pé ó ti parí, ohun gbogbo á dákẹ́, ẹ ó ti fẹ́ dìde, á sì tún ta gìrì.

Nípa páálí rẹ̀, mo ní láti sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lórí fóònù kì í rí i bó ṣe tóbi. Alẹ́ kan tó tutù, tí òjò ń rọ̀, ní oṣù kìíní 1972 ni Brian Ward ya fọ́tò rẹ̀ ní Heddon Street. Dúdú àti funfun ni fọ́tò náà, Terry Pastor ló fi ọwọ́ kùn ún ní àwọ̀. Bowie dúró lórí àtẹ̀gùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé nǹkan, gìtá wà lára rẹ̀, àpótí tí wọ́n kó jọ fún àkólẹ̀ wà nílẹ̀, àmì K. West tó jẹ́ ti oníṣòwò awọ onírun ń tàn lókè orí rẹ̀. Ó kéré láàárín ilé ńláńlá. Àtùpà òkè yẹn pupa rúsúrúsú, bíi ti fìtílà eléépo nínú ọjà alẹ́.

Ọkọ̀ 159 ló ń lọ sí òpópónà náà! Ẹ wọ̀ ọ́ ní Brixton, nítòsí ilé tí wọ́n bí i sí, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Regent Street lẹ́yìn Piccadilly Circus, Heddon Street wà lápá òsì yín, ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ọdún 14 ni mo fi ń wakọ̀ kọjá lẹ́nu rẹ̀ kí n tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo lọ lọ́jọ́ ìsinmi mi kan, mo gbé páálí náà dání nínú báàgì. Ilé oúnjẹ ló kún ibẹ̀ báyìí, K. West ti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kan àmì ìrántí Ziggy mọ́ ara ògiri ní 2012. Mo dúró níbẹ̀, mo gbé páálí náà sókè, mo ń fi ilé inú rẹ̀ wé ti ojú mi, títí obìnrin kan tó ń pa tábìlì mọ́ fi wá bi mí bóyá kó bá mi ya fọ́tò. Mo ní kó yà á. Ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n mi nílé.

Lára ìyẹn ni ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ Alàgbà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú kan, ó rí fọ́tò náà, ó rí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní, “Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun, kí ni irú ọkùnrin tó ń kun ojú yìí ń wá nílé yín?” Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, èmi náà kò fi í ṣeré. Mo ní, “Ẹ jókòó ná, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi onílù rẹ̀ hàn yín.” Òun ló ń lu ìlù ní ìjọ wọn ní Ọ̀ṣogbo nígbà èwe rẹ̀, mo mọ ibi tí mo ń gbá a mú. Mo gbé abẹ́rẹ́ sí Five Years. Kí ohùn èèyàn tó wọlé, ó ti ń fi ìka ka á lórí orúnkún.

Mo sọ fún un bí ọ̀rọ̀ Ziggy ṣe parí. Ọjọ́ 10 oṣù kejì 1972 ló kọ́kọ́ jáde, ní ilé ọtí Toby Jug ní Tolworth. Wọ́n gbé e káàkiri ilẹ̀ yìí, Amẹ́ríkà àti Japan. Ọjọ́ 3 oṣù keje 1973, kò tíì pé oṣù 17, wọ́n wà ní Hammersmith Odeon, ilé kún fọ́fọ́. Kí wọ́n tó kọ orin ìkẹyìn, Bowie bọ́ sídìí ẹ̀rọ ohùn, ó sọ fún èrò pé eré tí àwọn máa ṣe kẹ́yìn nìyí. Ronson mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bolder àti Woodmansey kò mọ̀. Orí ìtàgé ni wọ́n wà, ìlù wà lọ́wọ́ Woodmansey, nígbà tó gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Alàgbà mi ṣe “Háà!” nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó sì dákẹ́ pẹ́ títí.

Orin tí wọ́n wá kọ lálẹ́ ọjọ́ náà ló kẹ́yìn àwo yìí, Rock 'n' Roll Suicide. Gìtá kan àti ohùn tó ti rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ti gbó ń rìn lójú títì ní òwúrọ̀ kùtù. Ẹ kà á: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Ìlù tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn ni wọ́n tún fi ń tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yòókù ń wọlé, fèrè, fayolín, ìlù, ohùn náà ń ga, títí tó fi ń ké sí ẹni tó ń gbọ́ pé kò dá nìkan wà, kó na ọwọ́ rẹ̀ wá. Kò sí ohun tó dà bí eré nínú igbe yẹn. Ẹ̀kú ti bọ́ níbẹ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń ké. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dá dúró lójijì, ó ku àwọn fayolín, wọ́n ta ohùn kan ṣoṣo, kúkúrú, ó tán.

Abẹ́rẹ́ gbéra, ó padà sáyè rẹ̀. Alàgbà kò sọ̀rọ̀ nípa ojú kíkùn mọ́, n kò sì rò pé ó ti yí èrò rẹ̀ padà lórí ìyẹn. Ó gbé páálí náà sórí itan, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fi ìka wá nǹkan láàárín àwọn orúkọ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀.

Ó ní, “Ta ló kọ́ ọmọ yẹn ní ìlù?”